Káfíńtà Lè Wọlé, Ọmọ Ò Lè Wọlé

Aránṣọ kò tíì fọnu lówùúrọ̀ ọjọ́ náà tó fi yọrí láti ojú fèrèsé rẹ̀ lódìkejì títì, tó ń pe káfíńtà bí ẹni tí iná ń jó nílé.

"Bàbá Lọ́yà, ẹ yọjú. Ẹ yọjú, ẹ jọ̀ọ́."

Káfíńtà yọjú. Singílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá ò jẹun lánàá náà," ni Aránṣọ wí. "Ìrẹsì tí mo sè títí ó fi rọ̀ bí oúnjẹ ọmọ ọwọ́, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ fún un ni mo ṣe tún gbé e padà. Láàárọ̀ yìí, mo ní kó gbórí sókè kó mu omi, orí ò gbé. Ó ní kí n yéé tan òun. Ó ní ẹ ti kú, pé gbogbo wa la jọ ń fi òkú yín pamọ́ fún òun."

Káfíńtà wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. "Ṣé ẹ ò sọ fún un pé òfin ni?"

"Mo sọ. Ó ní irú òfin wo ló máa sọ pé kí ọmọ má wo ojú ìyá rẹ̀."

Ilé tí Aránṣọ ń gbé ni ìyá káfíńtà náà ń gbé, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ni ti Màmá. Ògiri ilé ẹlòmíì ni fèrèsé rẹ̀ dojú kọ, kò lè rí títì, kò sì lè rí ọmọ tó ń dúró lórí títì láràárọ̀ tó ń na ọrùn. Fóònù ò wúlò. Etí Màmá ti ń dí, ó sì ní kò sí ẹni tí kò lè fi ohùn jọ ọmọ òun nínú fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí kó tó jẹun, wọ́n sì ti fi òfin sáàárín ojú àti ojú.

Òfin náà pàápàá, ta ló lè tò ó? Nígbà tí àrùn kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí olúkálukú jókòó sílé. Ìyẹn yé èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n ní èèyàn méjì lè pàdé níta, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè jókòó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹun. Rédíò ní ẹbí lè bẹ ẹbí wò. Ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri àdúgbò ní irọ́ ni, ẹni tí wọ́n bá bá nílé onílé yóò rí pípọ́n ojú ìjọba. Wọ́n ṣí ilé ọtí, wọ́n ní kí àwọn ọ̀mùtí ṣáà fi àga kan sáàárín ara wọn. Onígbàjámọ̀ lè fi ọwọ́ méjèèjì di orí ẹni tí kò mọ̀ rí mú kó fá a, ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí ìyá tó bí i. Àwọn tó ń ṣe òfin ọ̀hún, a ń rí wọn nínú tẹlifíṣàn, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ilé tí wọ́n fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n kí ìrì tó dé, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni ìyà ń jẹ.

Káfíńtà wọlé, ó ń wá bàtà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" Ìyàwó rẹ̀ ti múra iṣẹ́ tán. Ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn. Lójoojúmọ́ tó bá dé, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wẹ̀ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n pálọ̀ kan àti yàrá kan ni wọ́n ní, afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń mí.

"Mò ń lọ bá ìyá mi."

"Ẹ ò lọ síbì kankan, Bàbá Lọ́yà."

"Ìyá mi ni."

"Ìyá tèmi náà ni. Ta ló ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣubú?" Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ ń fún bẹ́díṣíìtì, tí òun á di etí kan mú, tí èmi á di etí kejì, kò wá síbi iṣẹ́ láti ijẹta. Ó ń wúkọ́. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti yẹ gbogbo wa wò. Èsì ń bọ̀ lónìí. Ẹ ṣáà ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́."

"Bí wọ́n bá fura sí yín, kí ló dé tí wọ́n ní kí ẹ ṣì máa wá ṣiṣẹ́?"

"Ẹ bi wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní kí n má sún mọ́ àgbàlagbà kankan. Ọ̀gá wa ní òṣìṣẹ́ kò-ṣeé-mánìí ni wá, pé bí mo bá jókòó sílé lónìí kí n máa jókòó síbẹ̀ lọ. Èwo ni kí n gbọ́ nínú ẹ̀?"

"Mi ò mọ èyí tí wàá gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n ní kí n má lọ kí àrùn má baà pa á, ebi ti wá ń pa á lọ níbẹ̀."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"Ìwọ máa ríran. Owó oṣù ẹ ń wọlé."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ kó jáde. Ìyàwó rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu.

"Owó oṣù mi ni gbogbo wa ń jẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún káfíńtà nígbà yìí, àwọn èèyàn wá bẹ̀ yín síbí, ẹ ní ẹ ò kan pósí. Ṣé mo bá yín jà? Mo ní kò burú. Mo gbé báàgì mi, mo jáde."

Ọmọbìnrin wọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ débi pé Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ń fi síbí ro tíì tí kò ní ṣúgà nínú. Ìyàwó káfíńtà gbé báàgì rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dúró dè mí, ẹ jọ̀ọ́."

Káfíńtà ò dáhùn, ìyàwó rẹ̀ sì ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sí bẹ́ẹ̀ ni. Bí tọkọtaya bá ti pẹ́ lọ́ọ̀dẹ̀ ara wọn, irú àṣìṣe báyìí a máa wáyé.

Bí ìyàwó náà ṣe jáde tán ni Lọ́yà mú fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwé ni kó máa ka òfin tuntun fún wọn. Ó ń fi ìka yí i lọ sókè, ó ń yí i bọ̀ wálẹ̀, ó wá dúró.

"Bàbá, ẹ gbọ́. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ọwọ́ lè wọ ilé onílé bí ohun kan bá bàjẹ́ níbẹ̀ tó ní láti tún un ṣe. Kó wọ ìbòmú, kó má pẹ́. Télọ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe wà níbẹ̀. Káfíńtà wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ̀ wò ó.

"Wọn ò sọ pé káfíńtà náà ò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ onílé," ni Lọ́yà wí.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì dà bíi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró mọ́. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ láti abẹ́ àga, ó gbọn eruku rẹ̀.

"Màámi ní kí ẹ dúró," ni Lọ́yà tún wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo gbọ́ ohun tí ìyá ẹ wí."

Lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, àwọn tó tò sórí ìlà sún sẹ́yìn nígbà tó ń kọjá. "Ọkọ ẹni tó ń fọṣọ àwọn aláìsàn nìyẹn," ni obìnrin kan sọ sétí ẹnì kejì rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n jìnnà síra bí òfin ṣe wí, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà di igbe, gbogbo ìlà ló gbọ́ ọ. Káfíńtà náà gbọ́. Ó kí wọn, wọ́n kí i.

Ọkùnrin tó ń mójú tó ilé tí Màmá wà ló jókòó sẹ́nu géètì. Láti ìgbà tí òfin ti dé ni kọ́kọ́rọ́ géètì ò ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n ti ti ilé kan pa ládùúgbò nítorí àlejò, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó sínú ọkọ̀.

"Àlejò ò gbọdọ̀ wọlé," ni Kọ́kọ́rọ́ wí.

"Èmi kọ́ ni àlejò. Káfíńtà ni mí. Bẹ́ẹ̀dì kan ló bàjẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn."

"Mo mọ̀ pé káfíńtà ni yín. Mo sì mọ ìyá tó bí yín."

"Ṣé òfin ò sọ pé káfíńtà lè wọlé ni?"

Kọ́kọ́rọ́ fi ọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Ó wo títì sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. "Káfíńtà lè wọlé," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọmọ ò lè wọlé. Èmi fúnra mi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Bí mo bá fi gbọ́ tí káfíńtà pe ẹnikẹ́ni ní ìyá mi níbẹ̀, màá mú un jáde. Ilé yìí ni mo ń jẹ, ẹ má bá mi bà á jẹ́."

"Kí ni kí n wá máa pè é?"

"Ẹ pè é ní Màmá. Gbogbo wa la ń pè é ní Màmá."

Yàrá náà ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ìpara ẹsẹ̀ dídùn. Màmá kọjú sógiri lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fọn débi pé aṣọ ìbora ló kù tó ga níbẹ̀. Ife omi tí kò mu láàárọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì kún. Káfíńtà dúró. Ó ti fi fìlà bo iwájú orí, ìbòmú bo ìyókù, nǹkan tó kù tí a lè fi dá a mọ̀ ni ojú méjèèjì, omi sì ti kún inú wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Káfíńtà ni. Mo wá tún bẹ́ẹ̀dì ṣe."

Màmá ò yíjú. "Ta ló sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀dì mi bàjẹ́? Ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kú sórí ohun tí mo ní."

Aránṣọ, tó ti tẹ̀lé wọn wọlé, ló bẹ̀ ẹ́, tó gbé e dìde díẹ̀díẹ̀, tó fi í jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Màmá jókòó bí ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀. Káfíńtà wá dojú bolẹ̀ gbọrọrọ níwájú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan kì í tó bẹ́ẹ̀ láti yẹ̀ wò. Kọ́kọ́rọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń kìlọ̀.

Ọlọ́run ṣe é, pákó kan ti sán lóòótọ́ lábẹ́ ibẹ̀. Káfíńtà yọ ọ́, ó wọn òmíràn, ó gé e. Ọwọ́ òsì ló fi di pákó mú, òòlù wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ìṣó ńkọ́? Níbi gbogbo tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ẹnu ni ìṣó ń gbé. Kò ronú sí i rárá. Ó fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n, ó fi ètè di ìṣó bíi mélòó kan mú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ rí i, ó ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ti gbọ́ òfin tó ní kí òṣìṣẹ́ má ṣí ìbòmú láé, ó sì ti gbọ́ èyí tó ní ó lè ṣí i bí iṣẹ́ bá le. Kò mọ èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn.

Òòlù dún. Ó kàn án jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣó lè dúró, ó wá lù ú gbàà lẹ́ẹ̀kan, ó sì mí ìmí gígùn gba imú. Bí ọkọ Màmá ṣe ń kan ìṣó nìyẹn títí tó fi kú, òun ló sì kọ́ ọmọ rẹ̀.

Orí Màmá gbé. Ó yí i síbi tí ariwo ti ń wá. Ó wo ètè ọkùnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tí orí ìṣó tò sí, ó wò ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wá jáde lábẹ́ aṣọ, àtẹ́lẹwọ́ ṣí sókè.

"Kó wọn wá," ni Màmá wí. "Ìṣó kì í ṣe oúnjẹ. Bí o bá gbé e mì ńkọ́?"

Ohun tó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn nígbà ayé ọkọ náà, òun ló sì sọ fún ọmọ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni nígbà náà, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó gba ìṣó lẹ́nu wọn, kó máa mú un fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà tẹ̀ síwájú, ó la ẹnu, ìṣó já sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú itọ́ lára wọn. Màmá pa ọwọ́ dé. Ó ń mú ìṣó fún un, ọmọ náà sì ń kàn án.

"Káfíńtà, ṣé ìwọ náà ní ìyá?"

"Mo ní in, Màmá."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Wọ́n ní kì í jẹ. Wọ́n ní ó rò pé ọmọ òun ti kú."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Kò kú. Wọn ò jẹ́ kó wọlé ni."

"Wọ́n sì jẹ́ kí ìwọ wọlé," ni Màmá wí. Ó wo Kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yíjú sógiri, ó ń fi èékánná ha ọ̀dà ibẹ̀. "Bí o bá rí ọmọ mi níta, sọ fún un pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Sọ fún un pé mo ti mọ̀ pé kò kú. Aránṣọ, búrẹ́dì ò sí lọ́wọ́ yín?"

Aránṣọ sáré lọ gbé búrẹ́dì àti tíì. Màmá já búrẹ́dì náà sínú tíì, ó sì ń jẹ ẹ́ ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ títí ó fi tán. Káfíńtà ti kan ìṣó tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ ra pákó, ó ń dán ohun tó ti dán tẹ́lẹ̀.

"Ẹsẹ̀ àga tí mo jókòó lé yìí náà ń mì," ni Màmá wí. Àga náà dúró gbọin bí òkúta.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ síwájú, ó tẹ àga náà wò, ó mi orí. "Ó ń mì lóòótọ́," ló wí. "Káfíńtà lè padà wá lọ́la."

Ayọ̀ tí káfíńtà gbé dé ilé lọ́jọ́ yẹn, èmi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ó fọ́ ẹyin méjì tó kù sínú àwo, ó dín in, ó pín in pẹ̀lú Lọ́yà, ó sì fi ti ìyàwó rẹ̀ pamọ́. Ó ń sín ohùn Kọ́kọ́rọ́ jẹ, Lọ́yà ń rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ ń ronú bí òun yóò ṣe bẹ ìyàwó òun nítorí ọ̀rọ̀ àárọ̀.

Oòrùn ṣì mú nígbà tí ìyàwó náà dé. Kò lọ sẹ́yìnkùlé láti wẹ̀. Àárín títì ló dúró sí, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Lọ́yà, dúró síbẹ̀," ló wí nígbà tí ọmọ náà ń sáré bọ̀. "Má sún mọ́ mi. Bàbá Lọ́yà, èsì ti jáde. Ẹni tí a jọ ń fún aṣọ, òun ni. Èmi náà ni."

Káfíńtà di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹnì kan ní kí n lọ jókòó sílé, ẹnì kan ní kí n má fẹsẹ̀ kan ilé. Mi ò mọ ibi tí mo lè dúró sí, ni mo ṣe dúró síbí. Nọ́ọ̀sì ní gbogbo ẹni tí a jọ ń sùn lábẹ́ òrùlé kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní in lára láìmọ̀, kí wọ́n má..." Ó ti rí ẹ̀rún pákó lórí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Ó wo Lọ́yà, Lọ́yà wo ilẹ̀.

"Ẹ ti lọ," ni ìyàwó káfíńtà wí.

"Ó ti jẹun, Ìyá Lọ́yà. Ó jẹ búrẹ́dì tán."

"Ṣé ìbòmú wà lẹ́nu yín?"

"Ó wà." Ó gbọn ẹ̀rún pákó ṣòkòtò rẹ̀ nù. "Mo kan ìṣó."

Ìyàwó káfíńtà ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé fún un. Ó rọra jókòó sílẹ̀ lórí títì gbígbóná náà.

"Ta ló bá yín gba ìṣó?"

Kò sí ìbínú lójú obìnrin náà, ìbá sì sàn kó wà níbẹ̀. Lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń sọ pé òun lòun rí òfin náà, pé òun lòun kà á jáde, kò sì sẹ́ni tó lè dì mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn gan-an ni Aránṣọ ṣí fèrèsé, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀.

"Bàbá Lọ́yà, ẹ wá gbọ́. Màmá tún ti béèrè oúnjẹ. Ó ní kí n wá bá òun fọ irun, pé káfíńtà kan ń bọ̀ lọ́la, òun ò fẹ́ kó bá òun ní jákujàku. Omi rẹ̀ ló wà lórí iná yìí. Aago mélòó ni kí n sọ fún un?"

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀, ó wo fèrèsé.

"Aránṣọ, ẹ má wọlé tọ̀ ọ́."

"Kí lẹ wí?"

"Àrùn náà ti wọ ilé wa. Mo ti gbé e lọ bá Màmá. Ẹ má tún wọlé tọ̀ ọ́ mọ́, ẹ̀yin náà ẹ má jáde."

Ẹ̀rín rọra kúrò lójú Aránṣọ. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi gbé Màmá dìde, ó fi wọ́n nu ara aṣọ, ó tún wò wọ́n.

"Ẹ̀yin ò lè wá. Èmi ò gbọdọ̀ wọlé. Ta ni yóò wá gbé oúnjẹ fún un?"

Aránṣọ yíjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fetí sílẹ̀, ó tún kọjú sí títì.

"Màmá ń pè mí," ló wí. "Ó ń béèrè bóyá omi ti gbóná. Kí ni kí n sọ fún un?"